Owó ara ẹni náà ní èlé tiẹ̀: ọ̀rọ̀ fáwọn oníṣòwò Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù

Bí wọ́n bá ní kí ẹni tó ní iléeṣẹ́ kékeré kan n'Íkìrun jókòó, kó sọ iye tí owó tó fi ń ṣòwò ń ná an lọ́dún, owó ẹlòmíì nìkan ni yóò máa kà. Yóò ní báńkì ń gba báyìí lóṣù, ẹni tó ń ta fúláwà fóun láwìn ń fi báyìí lé e, alájọ náà sì ń yọ tiẹ̀. Bí wọ́n bá wáá bi í pé owó tiẹ̀ tó ti kó síbẹ̀ láti ọjọ́ yìí ńkọ́, ẹ̀rín ni yóò fi dáhùn. Yóò ní, "Ṣé owó mi náà ni mo tún fẹ́ máa san èlé fún?"

Ẹ̀rín yẹn wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí òwò dàgbà lójú ọ̀nà Ìkìrun sí Ìnísà títí dé Òkukù. Ẹni tó bá ka owó ara rẹ̀ sí owó ọ̀fẹ́ lè máa jẹ ojú owó lọ́dọọdún, kó sì rò pé èrè lòun ń jẹ. Ó lè lọ yá owó tí èlé rẹ̀ ju èrè òwò náà lọ, kó tún máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó yá a. Ọjọ́ tí ìyá tàbí bàbá tó dá òwò náà sílẹ̀ bá papò dà, táwọn ọmọ ní kí wọ́n pín in, ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ iye tí gbogbo ẹ̀ tó.

Ìdí tí owó ara ẹni fi ní èlé kò le rárá. Owó tó há sínú ààrò búrẹ́dì, sínú ẹ̀rọ ìlagi tàbí sínú ilé adìyẹ ì bá wà níbòmíì tí yóò ti máa bímọ. Láti oṣù kẹta ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń ta ìwé ẹ̀yáwó tí wọ́n ń pè ní Savings Bond fáwọn mẹ̀kúnnù, ẹni tó bá sì ní ₦5,000 lè ra tiẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tà lọ́dún náà fún ọdún méjì, èlé rẹ̀ lé díẹ̀ ní ₦13 lórí ₦100 lọ́dún, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì ń san án. Ẹni tó ra ìwé yẹn kò jí láago mẹ́ta òru láti po fúláwà. Kò ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Kò sí oníbàárà tó jẹ ẹ́ lówó tó wá sá lọ sí Èkó. Bí èrè ẹni tó ń ṣe gbogbo wàhálà wọ̀nyí kò bá wáá tó ti ẹni tó sùn sílé, ṣé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nìyẹn?

Àwọn baba ńlá Yorùbá mọ̀ pé owó kì í wá lásán. Láyé ijọ́un, ẹni tó bá yáwó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà bá ń ṣe lóko olówó, èlé nìyẹn. Ojú owó dúró sójú kan, kò sì dín títí wọn yóò fi kó o sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Samuel Johnson ṣàlàyé ètò náà dáadáa nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1921. Àwọn Òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà náà wà ńbẹ̀. Wọ́n ń gbé aṣọ kiri ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń tà á láwìn, iye tí wọ́n sì ń tà á láwìn kì í ṣe iye tí wọ́n ń tà á lówó ọwọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá gbowó wọn, wọn yóò lóṣòó dè é. Owó ìdúródè ti wà nínú iye aṣọ náà kó tó kúrò léjìká wọn. Ká má wáá sọ ti owó sọgúndogójì, èyí tó jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ gan-an ni èlé rẹ̀: ogún tó di ogójì, ₦100 lórí ₦100.

Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé náà ti fi ìwé gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀. Lọ́dún 1958, Franco Modigliani àti Merton Miller kọ̀wé lórí iye tí owó òwò ń ná iléeṣẹ́. Lọ́dún 1964, William Sharpe ṣàlàyé bí wọ́n ṣe lè fi ewu inú òwò díwọ̀n èrè tó yẹ kí olówó máa retí. Sharpe àti Miller wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1990. Àmọ́ ìṣirò wọn fẹ́ràn iléeṣẹ́ tí ìpín rẹ̀ wà lọ́jà ìpín ìdókòwò. Ẹnikẹ́ni ló lè wo iye tí ìpín Nestlé, BUA Foods tàbí Dangote Sugar ń lọ l'Ékòó lónìí, kó wo bó ṣe ń lọ sókè sódò, kó sì mọ bí ọkàn àwọn tó ni ín ṣe balẹ̀ tó. Ta ló ń ta ìpín ilé búrẹ́dì Ìnísà lọ́jà? Iléeṣẹ́ tó jẹ́ ti ẹnì kan tàbí ti ẹbí kan kò ní iye tí ọjà kọ sí i lára. Àfojúbù ni wọn yóò fi ṣe é. Kò sóhun tó burú nínú àfojúbù, bó bá ti jẹ́ pé ó ní ìdí.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ilé búrẹ́dì kan wà n'Íkìrun, tí ìyá tó dá a sílẹ̀ ti dolóògbé, tó sì fi í sílẹ̀ fún ọmọ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n pátápátá wà l'Ékòó. Àbíkẹ́yìn ń ṣiṣẹ́ ìjọba l'Óṣogbo. Èyí obìnrin tó wà láàárín ló ń bójú tó òwò náà, òun ló ń jí, òun ló ń sùn síbẹ̀. Wọ́n háyà ilé tí wọ́n ń lò. Ààrò, ẹ̀rọ ìpofúláwà, ọkọ̀ tó ń gbé búrẹ́dì lọ sí Ìnísà àti Òkukù, jẹnẹrétọ̀ àti ọjà tó wà nílẹ̀, bí wọ́n bá tà wọ́n lónìí, ₦16 mílíọ̀nù ni. Wọ́n jẹ báńkì ní ₦4 mílíọ̀nù lára ẹ̀. Èyí tó jẹ́ tiwọn gan-an wáá jẹ́ ₦12 mílíọ̀nù. Ẹ kíyè sí i pé iye tí yóò tà lónìí la kà, kì í ṣe iye tí ìyá wọn rà á nígbà tí owó ṣì ń jẹ́ owó.

Ohun àkọ́kọ́ ni èlé owó tí wọ́n yá. Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí òṣìṣẹ́ báńkì máíkírófáínáǹsì bá wọ ọjà, tó ní ₦3 lórí ₦100 lóṣù lèlé àwọn, kíá lèèyàn yóò sọ ọ́ di ₦36 lọ́dún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ká ní ẹnì kan yá ₦100,000 fún oṣù méjìlá. Oṣooṣù ni yóò máa dá ₦8,333 padà nínú ojú owó, yóò sì fi ₦3,000 èlé lé e. Lóṣù kìn-ín-ní, ₦100,000 pé lọ́wọ́ ẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tó bá fi máa wọ oṣù keje, ìdajì ti padà sọ́dọ̀ báńkì. Lóṣù kejìlá, kò sí ju nǹkan bíi ₦8,300 lọ lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ₦3,000 náà ni wọ́n ń gbà lórí ẹ̀. Bí wọ́n bá pín gbogbo ẹ̀ dọ́gba, nǹkan bíi ₦54,000 péré ni ẹni náà lò yí ọdún po, ó sì san ₦36,000 lé e. Bí wọ́n bá fi ìṣirò tó péye ṣe é, tí wọ́n wo ọjọ́ tí kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan padà, nǹkan bíi ₦61 lórí ₦100 lọ́dún ló bọ́ sí. Owó fọ́ọ̀mù àti owó ìfipamọ́ táwọn kan máa ń kọ́kọ́ yọ kò tíì sí níbẹ̀ o.

Kì í ṣe pé báńkì purọ́. Ẹni tó ń yá ènìyàn ọgọ́rùn-ún ní owó pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́, tó ń rán òṣìṣẹ́ kiri ìsọ̀ sí ìsọ̀ láti gbà á padà, ìnáwó tiẹ̀ náà pọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí oníbàárà gbọ́dọ̀ béèrè kó tó fọwọ́ síwèé: ṣé orí owó tó kù nílẹ̀ ni ẹ óò ti máa gba èlé, àbí orí gbogbo owó tí ẹ kọ́kọ́ kó fún mi? Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìdáhùn méjèèjì lè tó iye tí wọ́n fi ń san owó ilé ìwé ọmọ kan. Ó sì yẹ kí ẹni tó ń yánilówó máa kọ iye tí yóò jẹ́ lọ́dún sójú ìwé gàdàgbà, kì í ṣe tòṣù nìkan.

Àwìn náà lówó. Bí oníṣòwò bá lè ra àpò fúláwà ní ₦60,000 lówó ọwọ́, tí wọ́n wá ń tà á fún un ní ₦63,000 torí pé ìparí oṣù ni yóò san án, ₦5 lórí ₦100 fún oṣù kan ló san yẹn. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ yí ọdún po, ó ti di ₦60. Ẹni tó ń sá fún èlé báńkì, tó wá ń jẹ àwìn báyìí, ó sá fún òjò, ó bọ́ sódò.

Ká ní àwọn ọmọ wa tó ní ilé búrẹ́dì yìí ṣe oríire, tí báńkì wọn ń gba ₦30 lórí ₦100 lọ́dún lórí owó tó bá kù nílẹ̀. Èyí jẹ́ èlé owó yíyá wọn.

Ohun kejì ni èlé owó tiwọn. Orí ìwé ẹ̀yáwó ìjọba ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀, torí pé òun lèèyàn lè ra kó sì lọ sùn. Ká mú un pé ₦16 lórí ₦100 ni tiẹ̀ lọ́dún. Wọn yóò fi èyí tó tọ́ sí ẹni tó bá fowó sínú òwò lé e, torí pé èrè òwò kì í dájú bí ọ̀rọ̀ ìjọba. Ká fi ₦8 sí i. Wọn yóò tún fi tàìtóbi lé e: ààrò kan, ìlú kan, ojú ọ̀nà kan, ẹni tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lọ́jọ́ méjì, oníbàárà Òkukù ti ra tẹlòmíì, ká fi ₦5 sí i. Èyí tó kẹ́yìn ni pé kò rọrùn láti ta irú òwò bẹ́ẹ̀, ẹni kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ sì rọ̀ mọ́. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, òwò náà kò yá. Ká fi ₦5 mìíràn sí i. Ó di ₦34 lórí ₦100.

Kò sẹ́ni tó gbé àwọn iye wọ̀nyí wá láti ọ̀run. Ẹlòmíì lè fi ₦3 síbi táa fi ₦5 sí, kó sì ní ìdí. Ẹni tó ní ìwé ìṣirò tó mọ́, tó ní òṣìṣẹ́ tó lè dúró fún un, tó ń tà n'Íkìrun, tó ń tà ní Ìnísà, ewu tiẹ̀ dín kù. Ẹni tó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Òkukù nìkan ló ń rajà lọ́wọ́ ẹ̀, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gba ọlidé, òun náà gba ọlidé, ó yẹ kí tiẹ̀ lé sí i. Ohun tó bójú mu ni kí wọ́n mú ìwọ̀n méjì, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, bíi ₦31 sí ₦38, kí wọ́n sì wo bọ́rọ̀ yóò ṣe rí láàárín méjèèjì.

Ọ̀nà kan tún wà láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí òwò bá dẹnu kọlẹ̀, báńkì ni yóò kọ́kọ́ gba tiẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni tolówò. Ẹni tó máa jẹun kẹ́yìn kò lè gbà kí oúnjẹ tiẹ̀ kéré ju tẹni tó kọ́kọ́ jẹ. Nítorí náà, bí báńkì tó gba ohun ìdúró bá ń béèrè ₦30, tí olówò tó máa gbẹ̀yìn gbogbo ẹ̀ wáá ní ₦15 tó òun, ó ti tan ara rẹ̀.

Ohun kẹta ni pípò wọ́n pọ̀. Nínú gbogbo ₦16 mílíọ̀nù, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin jẹ́ tẹbí, ìdá kan nínú mẹ́rin jẹ́ ti báńkì. ₦12 mílíọ̀nù ní ₦34 lórí ₦100 jẹ́ ₦4.08 mílíọ̀nù. ₦4 mílíọ̀nù ní ₦30 jẹ́ ₦1.2 mílíọ̀nù. Ó di ₦5.28 mílíọ̀nù lórí ₦16 mílíọ̀nù, ìyẹn ₦33 lórí ₦100. Iye tí owó ń ná ilé búrẹ́dì yẹn lọ́dún nìyẹn. Òwò tí kò bá mú tó bẹ́ẹ̀ wọlé ń jẹ ẹni tó ni ín díẹ̀díẹ̀.

Àwọn tó ka ìwé yóò rántí pé wọ́n máa ń yọ owó orí kúrò lára èlé báńkì, torí pé èlé ń dín èrè tí wọ́n máa bu owó orí lé kù. Fún iléeṣẹ́ ńlá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, iléeṣẹ́ kékeré tí ọjà tó ń tà lọ́dún kò ju ₦100 mílíọ̀nù lọ, tí dúkìá rẹ̀ kò sì ju ₦250 mílíọ̀nù, kò san owó orí iléeṣẹ́. Ẹni tí kò san owó orí kò ní ohun tí èlé fẹ́ bá a dín. Kó má wáá sí akọ̀wé tó máa fi ìṣirò inú ìwé dín ₦30 kù sí ₦21 fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká wáá wo bóyá òwò náà ń mówó wọlé. Lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ owó fúláwà, ṣúgà, epo, owó ilé, owó òṣìṣẹ́ àti èyí tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún ìgbà tí ààrò bá gbó, ká ní ₦6.5 mílíọ̀nù ló kù lọ́dún. Wọ́n san ₦1.2 mílíọ̀nù èlé fún báńkì, ó ku ₦5.3 mílíọ̀nù. Ariwo ayọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n èyí obìnrin tó ń jí láago mẹ́ta òru kò gbowó oṣù. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ni wọ́n gbà, ₦150,000 lóṣù ni wọn ì bá máa san fún un, ìyẹn ₦1.8 mílíọ̀nù lọ́dún. Owó iṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe èrè. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ó ku ₦3.5 mílíọ̀nù. Èyí tó sì yẹ kí ₦12 mílíọ̀nù wọn mú wá ni ₦4.08 mílíọ̀nù. Ó dín ní ₦580,000. Òwò tí gbogbo àdúgbò ń kí wọn fún pé ó ń lọ dáadáa ti ń já wọn kulẹ̀ láì pariwo.

Ẹnì kan lè ní: "Ààrò tí ìyá wọn rà nígbà kan ti di ìlọ́po mẹ́ta báyìí, ṣé èrè kọ́ nìyẹn?" Ọ̀rọ̀ ló sọ yẹn. Bó bá dájú pé ohun tó wà nílẹ̀ yóò ta ju báyìí lọ lọ́dún tó ń bọ̀, pẹ̀lú bó ṣe ń gbó, kí wọ́n fi ohun tó lé kún èrè. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí pé bí ti àtijọ́ ṣe ń wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni tuntun tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀ ń wọ́n. Èrè tí wọn kò lè ná láì ta ààrò, èrè ojú lásán ni.

Iye yìí kò sì ní dúró sójú kan. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 títí di oṣù karùn-ún ọdún 2022, ìdá 11.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni èlé tí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà fi ń darí èlé yòókù. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá ọdún 2024, ó ti di 27.5. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni wọ́n tó dín in sí 27. Àjọ tó ń ka ọ̀wọ́ngógó ọjà ní ó tó ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kejìlá ọdún 2024. Ẹni tó ṣírò òwò rẹ̀ lọ́dún 2021, tó ní ₦18 lórí ₦100 tó òun, tí kò sì tún un ṣe láti ìgbà náà, aṣọ ọmọdé ló fẹ́ fi bora.

Ìlú onímùsùlùmí pọ̀ lágbègbè yìí, àwọn kan yóò sì ní àwọn kì í bá èlé da nǹkan pọ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni, ó sì ní ọ̀wọ̀ tiẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkọ èlé kò sọ owó di ọ̀fẹ́. Jaiz Bank tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2012 àti TAJBank tó tẹ̀ lé e lọ́dún 2019 kì í gba èlé, síbẹ̀ wọ́n ń pín nínú èrè, tàbí kí wọ́n ra ọjà kí wọ́n sì fi èrè lé e tà. Ẹni tó bá kówó lé òwò pẹ̀lú àjọṣe gbọ́dọ̀ mọ irú èrè tó yẹ kí òun pín. Orúkọ yàtọ̀, ìbéèrè kan náà ni.

Níbo lọ̀rọ̀ yìí ti wáá le jù? Nínú ẹbí ni. Ẹ̀gbọ́n tó wà l'Ékòó ní òun fẹ́ kọ́lé, kí wọ́n fún òun ní ìdá kan tòun nínú mẹ́ta. Èló ni? Lẹ́yìn owó iṣẹ́ àbúrò rẹ̀, òwò náà ń mú ₦4.7 mílíọ̀nù wọlé lọ́dún kí wọ́n tó san èlé báńkì. Bí èrè náà bá dúró bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì fi ₦20 lórí ₦100 díwọ̀n rẹ̀, gbogbo òwò tó ₦23.5 mílíọ̀nù. Bí wọ́n bá yọ gbèsè ₦4 mílíọ̀nù, tí wọ́n pín in sí mẹ́ta, ₦6.5 mílíọ̀nù ni tẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n bá fi ₦33 díwọ̀n rẹ̀, gbogbo òwò jẹ́ nǹkan bíi ₦14.2 mílíọ̀nù, tẹ̀gbọ́n sì di nǹkan bíi ₦3.4 mílíọ̀nù. Òwò kan náà, ààrò kan náà, ọmọ ìyá kan náà. Ìyàtọ̀ tó lé ní ₦3 mílíọ̀nù, orí iye tí wọ́n pe èlé owó nìkan ló ti wá. Bí wọ́n bá sì gbà pé èrè yóò máa pọ̀ sí i bí ọjà ṣe ń wọ́n, iye méjèèjì yóò tún lé.

Ẹ̀gbọ́n tó bá gba ₦3.4 mílíọ̀nù, tó wáá gbọ́ níta pé ₦6.5 mílíọ̀nù ló tọ́ sóun, kò ní wá sílé ọdún mọ́. Àbúrò tó bá lọ yáwó láti san ₦6.5 mílíọ̀nù, tí òwò kò sì gbé e, yóò ti ilẹ̀kùn ilé búrẹ́dì tí ìyá wọn fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìgbà tí ara gbogbo wọn ṣì yá, tí wọ́n ṣì ń bára wọn jẹun, ló yẹ kí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan lórí iye tí èlé owó wọn jẹ́ àti bí wọn yóò ṣe máa díwọ̀n òwò náà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Kì í ṣe ọjọ́ tí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́lé.

Kí ni kí oníṣòwò wáá ṣe? Kó kọ́kọ́ máa san owó oṣù fún ara rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, kó lè mọ èyí tó jẹ́ owó iṣẹ́ yàtọ̀ sí èrè. Kó jókòó lóṣù kìn-ín-ní ọdọọdún, kó ṣírò iye tí owó òwò rẹ̀ ń ná an, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ pé kó ra ààrò kejì, kó ṣí ẹ̀ka sí Òkukù, kó wo ògiri: bí ohun tuntun náà kò bá lè mú tó bẹ́ẹ̀ wọlé, kó fi í sílẹ̀.

Bó bá jẹ gbèsè tó ń ná an ní ₦61 lórí ₦100, tí owó díẹ̀ wáá bọ́ sí i lọ́wọ́, gbèsè yẹn ni kó kọ́kọ́ san, bí wọn kò bá ní gba ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó tètè san. Kò sí òwò tuntun n'Íkìrun tó dájú bí ₦61 tí kò ní jáde lápò ẹni mọ́. Kó sì san án tán, torí pé ẹni tó bá yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje.

Bí owó pọ́ọ́kú bá sì dé, irú èyí tí ìjọba àpapọ̀ ní kí Bank of Industry yá àwọn oníṣòwò kéékèèké lọ́dún 2024 ní ₦9 lórí ₦100, ẹni tó bá rí i gbà, kó gbà á. Ṣùgbọ́n kó má fi ₦9 yẹn díwọ̀n òwò rẹ̀. Ẹ̀bùn ni ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀, ẹ̀bùn kì í sì í wá lẹ́ẹ̀mejì. Òwò tó jẹ́ pé owó ẹ̀bùn nìkan ló lè gbé e dúró, ọjọ́ tí ẹ̀bùn bá tán ni yóò wó.

Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó wà káàkiri àwọn ìlú yìí lè ṣèrànwọ́ ńlá. Dípò kí ìpàdé wọn jẹ́ ti kíka orúkọ àwọn tí kò tíì san, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kí wọ́n pe ẹni tó mọ ìṣirò, kó bá ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe tiẹ̀. Ìwé kan, kálámù kan àti wákàtí méjì tó o. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà nítòsí kò ṣàìní akẹ́kọ̀ọ́ tó lè fi í kọ́ṣẹ́.

Alájẹṣẹ́kù làwọn àgbà pe ẹgbẹ́ yẹn. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹni tí kò bá sì mọ iye tí owó inú igbá ń ná an, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ìgbà tó ti jẹ kan ìdí igbá?